Ṣé ilẹ̀ kékeré lè dá bùkátà ara rẹ̀ gbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará Skọ́tílándì tó ń fẹ́ kúrò lára UK. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún lọ kò lè dá dúró, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ, kó lọ wo Sìńgápọ̀. Ó ní Sìńgápọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Tí a bá gbé ọ̀rọ̀ àsíá àti orin orílẹ̀-èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó jẹ́ owó nìkan la fẹ́ wò, ṣé èrè ni kí ilẹ̀ kékeré gba òmìnira àbí àdánù?

Ìdáhùn: Òwe yín méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe ìṣirò nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, torí òun lẹ ní ó jù yín lọ.

Kíkéré nìkan kì í pa ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ lọ́dún 1945, orílẹ̀-èdè 51 ló wà níbẹ̀. Lónìí wọ́n ti di 193, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé lẹ́yìn ni èèyàn wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Tí ẹ bá pín owó tó ń wọlé fún ìlú sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹ wá to àwọn orílẹ̀-èdè láti orí ẹni tó lówó jù, Luxembourg, Sìńgápọ̀, Nọ́wè àti Áísìlándì ni ẹ máa bá lókè, àwọn òmìrán díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alberto Alesina àti Enrico Spolaore, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́nà tó yé mi jù. Láyé ìgbà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn ọjà rẹ̀ mọ́ra, bí ilẹ̀ rẹ bá ṣe tóbi tó náà ni ọjà rẹ ṣe máa tóbi tó. Aránbàtà tó wà ní ilẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan, ẹsẹ̀ mílíọ̀nù méjì péré ló rí wọ̀ ní bàtà. Ṣùgbọ́n tí ẹnubodè bá ṣí, tí owó ibodè sì kéré, gbogbo ẹsẹ̀ tó wà láyé ló di oníbàárà rẹ̀. Bí òwò àgbáyé ṣe ń ṣí sílẹ̀ látẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì ni ó ń rọrùn sí i fún ilẹ̀ kékeré láti dá dúró. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn olólùfẹ́ òmìnira kì í fẹ́ sọ: ẹ̀mí ilẹ̀ kékeré wà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tí ẹlòmíì ń ṣí. Bí aládùúgbò bá ti ilẹ̀kùn yẹn, kíkéré á padà di àìsàn.

Ẹ̀gbọ́n yín náà ní ẹjọ́ rò. Àwọn ìnáwó kan wà tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù nítorí pé ilẹ̀ kéré: báńkì àpapọ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù, àwọn aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń yẹ oògùn wò kí wọ́n tó gbà á wọ̀lú. Bóyá 300,000 èèyàn ló fẹ́ pín owó rẹ̀ san tàbí mílíọ̀nù 60, ó di dandan kí ó wà. Nítorí náà ẹni tó wà ní ilẹ̀ kékeré ń san jù lórí ìjọba kan náà. Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá ni kí wọ́n yá lára tẹlòmíì. Áísìlándì wà lára àwọn tó dá NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1949, síbẹ̀ kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ títí di òní. Àwọn tó tóbi ló ń bá a ṣọ́lé.

Ó wá ku ẹ̀yin àti Sìńgápọ̀ yín.

Àwọn tó máa ń fi Sìńgápọ̀ ṣe àpẹẹrẹ kì í rántí pé kò bẹ òmìnira. Wọ́n lé e jáde kúrò lára Màléṣíà ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1965 ni, Lee Kuan Yew, olórí ìjọba wọn, sì sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe omijé ayọ̀. Gbogbo ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ti ṣe ló dúró lórí pé wọ́n á máa tajà fún gbogbo Màléṣíà, ọjà yẹn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Omi tí wọ́n ń mu ń bọ̀ láti Johor, ní òdì kejì ẹnubodè. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún kéde pé àwọn máa kó àwọn ọmọ ogun àwọn kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló ń jẹun nídìí bárékè wọn.

Ohun tó yọ wọ́n ni èbúté tó wà ní ojú ọ̀nà òkun tó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo agbègbè yẹn, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1819. Wọ́n wá pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan pé kí wọ́n wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jurong, agbègbè ilé-iṣẹ́ kan ní Sìńgápọ̀, kí ọjà tí wọ́n bá ṣe gba orí omi lọ sí ibi tó jìnnà, kó má dúró de aládùúgbò. Òótọ́ ni pé òmìnira fún wọn láyè láti yára pinnu, èmi kò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kékeré kan bá wà láàárín òkè, tí kò ní èbúté, kí ó má fi Sìńgápọ̀ wé ara rẹ̀.

Tí a bá ń ka àwọn tó jẹ tẹ́tẹ́, ó yẹ ká ka àwọn tó pàdánù mọ́ wọn. Mo máa ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n mọ Newfoundland, ọ̀pọ̀ a ní ajá kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ṣèjọba ara rẹ̀ ni Newfoundland jẹ́ nígbà kan rí, ipò kan náà ni òun àti Kánádà àti Ọsirélíà wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn rẹ̀ kò tó 300,000. Ẹja kọ́ọ̀dù ló ń tà. Ó yá owó kọ́ ojú irin, ó tún yá owó fi ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, iye tí wọ́n ń ra ẹja já wálẹ̀, gbèsè kò já wálẹ̀. Ó dé ibi tí èlé gbèsè ń gba ju ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba lọ. Ní 1934, wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wọ́n sì gbé ìjọba fún ìgbìmọ̀ tí Lọ́ńdọ̀nù yàn. Nígbà tí wọ́n wá dìbò ní 1948 lórí ibi tí wọ́n máa lọ, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n lọ bá Kánádà. Wọ́n di ìpínlẹ̀ kẹwàá níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1949. Kò sí ẹni tó fi ìbọn gba òmìnira lọ́wọ́ wọn. Àwọn ayánilówó àti ẹja ló gbà á.

Ẹ fi Áyálándì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922, ṣùgbọ́n ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun tó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Wọ́n tẹ owó tiwọn, wọ́n sì so ó mọ́ pọ́n-ùn ní ọ̀kan sí ọ̀kan; títí di 1979 kò kúrò níbẹ̀. Ní 1932, Éamon de Valera, olórí ìjọba wọn, kọ̀ láti máa san owó ilẹ̀ kan tí àwọn àgbẹ̀ ń san sí Lọ́ńdọ̀nù tẹ́lẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù gbé owó ibodè lé màlúù Áyálándì, ìjà náà sì di 1938 kó tó parí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ló jìyà rẹ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n wọ ọjà àjùmọ̀ni Yúróòpù ní 1973, lẹ́yìn òmìnira ní ọdún 51, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà kan ṣoṣo. Lónìí Áyálándì lówó gan-an, wọ́n sì máa ń sọ pé òmìnira ló fà á. Ó fà á lóòótọ́, torí ìjọba tó jẹ́ tiwọn ló lè gé owó orí ilé-iṣẹ́ wálẹ̀ bí wọ́n ṣe gé e, tó sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó dìbò ní 1922 ti lè kú kó tó rí èrè ìbò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèlérí fún yín pé owó á dé láàárín ọdún márùn-ún, ẹ rántí Áyálándì.

Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan ni mo fi máa ń pa ariwo wọn: ní oṣù àkọ́kọ́, owó wo lẹ máa fi san owó oṣù olùkọ́? Gbogbo yàrá á dákẹ́. Torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní òwe, tó ń di àpò.

Skọ́tílándì gan-an ni mo máa fi dáhùn èyí, ó ṣe tán òun lẹ mẹ́nu bà. Kí wọ́n tó dìbò ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 2014, ìjọba Alex Salmond, olórí ìjọba Skọ́tílándì nígbà yẹn, gbé ìwé kan jáde tó ṣàlàyé bí ilẹ̀ náà ṣe máa rí lẹ́yìn òmìnira. Nínú ìṣirò wọn, dọ́là 113 ni wọ́n fi sí iye àgbá epo rọ̀bì kan. Nígbà yẹn kì í ṣe irọ́, ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2016, àgbá epo kan ti wá sí ìsàlẹ̀ dọ́là 30. Owó epo tó jẹ́ ìpín Skọ́tílándì, tó ju bílíọ̀nù 9 pọ́n-ùn lọ ní ọdún ìṣúná 2011 sí 2012, di nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 péré ní 2015 sí 2016. Ká ní wọ́n ti lọ, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi kó ẹrù sílé tuntun ni owó ọ̀hún ìbá gbẹ. Inú UK tí wọ́n wà ló jẹ́ kó kọjá láìsí ariwo, torí Lọ́ńdọ̀nù ń gba owó orí láti ọ̀pọ̀ ibi, ó sì ń pín in.

Àwọn tó fẹ́ kúrò ní èsì, èsì wọn sì lágbára. Wọ́n ní: ẹ wo Nọ́wè ní òdìkejì òkun kan náà. Nọ́wè kúrò lọ́dọ̀ Swídìn ní 1905, ó rí epo ní 1969, ó dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ ní 1990, àpò náà sì ti kọjá ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù dọ́là láti 2017. Epo Skọ́tílándì láti ìgbà náà, níbo ló wọlé sí? Wọ́n tún ní ìwé ìṣirò tó ń fi hàn pé Skọ́tílándì ń ná ju ohun tó ń pa lọ, ìnáwó tí Lọ́ńdọ̀nù yàn fún wọn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ìbá yàn fúnra wọn. Mo gbà wọ́n gbọ́ lórí kejì yìí dé ìwọ̀n kan. Ìwé ìṣirò tìdílé tí ẹ wà nínú rẹ̀ kò lè sọ bí ẹ ṣe máa ná owó tí ẹ bá dá wà. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni owó oṣù olùkọ́ wà.

Gbèsè ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àfinúrò ṣe é. Ká ní orílẹ̀-èdè ńlá kan jẹ gbèsè 1,000 bílíọ̀nù, ilẹ̀ tó ń lọ sì ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn rẹ̀. Tí wọ́n bá fi iye orí pín in, bílíọ̀nù 80 ló kàn án. Orílẹ̀-èdè ńlá ń san èlé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ṣùgbọ́n àwọn ayánilówó kò mọ ọmọ tuntun yìí rí, wọ́n ní kó san 4. Ìdá kan ṣoṣo yẹn, nígbà tí gbogbo gbèsè náà bá ti bọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, mílíọ̀nù 800 ni lọ́dọọdún, kò sì tíì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Pé ìdá 8 ló máa kàn án pàápàá, kò sí òfin tó sọ ọ́. Àwọn Czech àti Slovak pín dúkìá àti gbèsè wọn ní méjì sí ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn wọn. Nígbà tí Soviet tú ká, Rọ́ṣíà gbé gbogbo gbèsè rẹ̀, ó sì kó gbogbo dúkìá tó wà lókè òkun. Ẹstóníà, tó wà lábẹ́ Soviet tẹ́lẹ̀, kò gbà kọ́bọ̀ nínú gbèsè yẹn sórí. Sùdáànù náà gbà láti dá gbé gbogbo gbèsè ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí Gúúsù Sùdáànù lọ, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn tó jẹ ní gbèsè á dárí rẹ̀ jì í. Bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó yìí, ẹni tó ń fi ìdánilójú kéde iye tí òmìnira máa náni kí wọ́n tó jókòó sí tábìlì ìpínyà, àfojúsùn ló ń kà.

Ọ̀rọ̀ owó níná gan-an, ìyẹn owó tí ẹ ń mú lọ́wọ́, ni mo máa ń pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yára bàjẹ́. Wọ́n pín Czechoslovakia sí méjì ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1993. Kò sí ìjà, kò sí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kòrúnà kan náà làwọn á ṣì jọ máa ná fún oṣù mélòó kan. Ọjọ́ 38 ló lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti fi owó sí báńkì rí: gbogbo ayé ló rò pé tí owó méjì bá pínyà, ti Slovakia ló máa kéré. Nítorí náà àwọn ará Slovakia ń kó owó wọn lọ sí báńkì Czech, àwọn oníṣòwò tó jẹ ilé-iṣẹ́ Slovakia lówó sì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, kí wọ́n lè san án nígbà tó bá ti já wálẹ̀. Báńkì àpapọ̀ ń wò ó bí owó ṣe ń sàn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì, wọ́n pín in. Kò tíì sí àyè láti tẹ owó tuntun tó pọ̀ tó, nítorí náà sítáǹbù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, sítáǹbù kékeré bí èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, sára owó 100, 500 àti 1,000 kòrúnà. Ẹ fojú inú wo owó méjì lórí tábìlì: ìwé kan náà, àwòrán kan náà, iye kan náà. Sítáǹbù tó wà ní igun nìkan ló sọ pé ti Prague, olú-ìlú Czech, nìyí, ti Bratislava, olú-ìlú Slovakia, nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ìjọba Slovakia já iye owó tiwọn wálẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí àwọn èèyàn ti bẹ̀rù ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n Slovakia kò kú. Òun ló ń ṣe mọ́tò jù lágbàáyé báyìí tí a bá fi iye èèyàn rẹ̀ pín in, ó sì bọ́ sínú yúrò ní 2009, nígbà tí àwọn Czech ṣì ń ná kòrúnà wọn. Ẹni tí wọ́n ní owó rẹ̀ máa bàjẹ́ ló kọ́kọ́ gba owó ńlá.

Ẹstóníà ni mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí fún òmìnira, láìsí àní-àní. Ní 1992 wọ́n ṣì ń ná rúbùlì, ọ̀wọ́n-gógó sì ń jẹ rúbùlì lọ́wọ́ bí iná ṣe ń jẹ koríko. Moscow ló ń tẹ̀ ẹ́, Tallinn, olú-ìlú Ẹstóníà, kò ní ohùn kankan síbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, wọ́n gbé kroon jáde. Olúkúlùkù lè pààrọ̀ 1,500 rúbùlì, mẹ́wàá sí ọ̀kan: ó gba 150 kroon lọ́wọ́. Kroon mẹ́jọ sì ni máàkì Jámánì kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kò tó máàkì 19 tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Wọ́n wá ṣe é lófin pé báńkì àpapọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ kroon kan jáde àfi tí owó ilẹ̀ òkèèrè tàbí wúrà tó dúró fún un bá wà nílẹ̀. Díẹ̀ nínú wúrà ọ̀hún jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè kí Soviet tó gbà wọ́n, wọ́n sì dá a padà fún wọn. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ le, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà fún Soviet kógbá sílé, ọ̀pọ̀ ló pàdánù iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó náà dúró. Tí wọ́n bá wà lábẹ́ Moscow, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é.

Òmìnira láti tẹ owó tirẹ tún ní ojú méjì. Ní 2008, báńkì mẹ́ta tó tóbi jù ní Áísìlándì ṣubú láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn báńkì yẹn pọ̀ ju ọrọ̀ ajé gbogbo orílẹ̀-èdè náà lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ìjọba kò lè gbà wọ́n là tí ó bá tilẹ̀ fẹ́. Krónà já wálẹ̀ kíkankíkan. Ìyẹn jẹ́ kí ẹja wọn di ọ̀pọ̀ lójú àwọn tó ń rà á, ó sì sọ ilẹ̀ wọn di ibi tí kò wọ́n fún arìnrìn-àjò, ọrọ̀ ajé sì gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ilẹ̀ òkèèrè yá owó ra ilé, ojúmọ́ kan ló jí tí gbèsè rẹ̀ ti wú. Bó ṣe gba àwọn kan là ló ṣe rì àwọn kan.

Ẹ wá rí i ìdí tí Skọ́tílándì fi há síbẹ̀. Wọ́n ní pọ́n-ùn làwọn á ṣì jọ máa ná pẹ̀lú UK. Ní oṣù kejì 2014, George Osborne, tó ń bójú tó owó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní rárá. Wọ́n lè ná an láìgba àṣẹ, bí Montenegro ṣe ń ná yúrò láì sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá ń ná owó ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tó máa tẹ owó fún un lọ́jọ́ tí báńkì rẹ̀ bá dákú. Báńkì ńlá méjì tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ní Edinburgh sọ kí wọ́n tó dìbò pé tí wọ́n bá gba òmìnira, àwọn á gbé orúkọ àwọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ gan-an ní Catalonia, ẹkùn kan ní Sípéènì, lẹ́yìn ìbò òmìnira wọn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2017: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ gbé àdírẹ́sì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ kúrò níbẹ̀, báńkì ńlá méjì, CaixaBank àti Sabadell, sì wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò kúrò lórí àga wọn o. Ìwé ló kọ́kọ́ sá.

Mo ti sọ pé ilẹ̀kùn ni ẹ̀mí ilẹ̀ kékeré. Ẹni tó rí èyí tó burú jù ni Gúúsù Sùdáànù. Ọjọ́ 9 oṣù keje 2011 ni wọ́n gba òmìnira, wọ́n sì kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo Sùdáànù lọ. Lórí ìwé, wọ́n lówó. Ṣùgbọ́n wọn kò ní òkun. Páìpù tó ń gbé epo lọ sí èbúté gba inú ilẹ̀ Sùdáànù kọjá, ó gùn ju 1,300 kìlómítà lọ. Sùdáànù ní kí wọ́n san ju dọ́là 30 lọ lórí àgbá kan; Gúúsù ní àwọn kò ní san tó dọ́là kan. Ní oṣù kìíní 2012, Juba, olú-ìlú Gúúsù Sùdáànù, fúnra rẹ̀ ti kànga epo pa, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba tó ń wá látinú epo. Epo wọn máa ń dì nínú páìpù tí kò bá sàn, nítorí náà wọ́n ní láti fi omi fọ páìpù náà kó má bàa dí. Ó ju ọdún kan lọ kí epo tó tún sàn, ní 2013, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà.

Kò dìgbà tí aládùúgbò bá bínú kí ẹnubodè tó gba owó lọ́wọ́ ẹni. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, John McCallum, wo òwò Kánádà ti ọdún 1988, ó sì rí i pé ìpínlẹ̀ Kánádà kan ń bá ìpínlẹ̀ Kánádà mìíràn ṣòwò ní ìlọ́po 22 ju bó ṣe ń bá ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó tó o, tó sì jìnnà bákan náà ṣòwò lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹnubodè yẹn wà lára àwọn tó rọrùn jù láyé. Àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kò sí níbẹ̀. Òfin tó yàtọ̀, ìwé tó yàtọ̀, owó tó yàtọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ òwò.

Ìdáhùn mi sí ìjà yín nìyí. Ẹ̀gbọ́n yín kò jàre pé ilẹ̀ kékeré kò lè dá dúró. Ẹ̀yin náà kò jàre pé òmìnira ló ń sọni di Sìńgápọ̀. Òmìnira fún ilẹ̀ kékeré ní ọ̀bẹ tirẹ̀, kò fún un ní ẹran. Tí ẹ bá tún fẹ́ jiyàn lórí ilẹ̀ kan pàtó, ẹ bèèrè iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀, owó tí ó máa ná lọ́jọ́ kejì, ibi tí ọjà rẹ̀ máa gbà kọjá, àti ohun mélòó ló ń tà. Lójú tèmi, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń fojú fò. Nauru, erékùṣù kékeré kan ní òkun Pàsífíìkì, gba òmìnira ní 1968 pẹ̀lú fọ́sífétì nìkan, ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ó wà lára àwọn tó lówó jù láyé, nígbà tí fọ́sífétì tán tí wọ́n sì ti fi owó tí wọ́n tọ́jú ṣòfò, ó tòṣì. Bòtswánà náà bẹ̀rẹ̀ ní 1966 nínú òṣì, ó rí dáyámọ́ńdì ní 1967, ó sì ná an síbi ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà. Ohun tí àwọn méjèèjì rí nínú ilẹ̀ jọra, òmìnira kan náà sì ni wọ́n gbà.

Èyí tí èmi fúnra mi ń wò báyìí ni Gírínlándì, torí ìṣirò tiwọn wà nínú òfin gbangba. Nǹkan bí 56,000 èèyàn ni wọ́n. Òfin 2009 tí wọ́n bá Dẹ́nmáàkì ṣe sọ pé ọwọ́ àwọn ará Gírínlándì ni ìpinnu láti gba òmìnira wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á bá Dẹ́nmáàkì ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, ilé aṣòfin Dẹ́nmáàkì á sì fọwọ́ sí i. Òfin kan náà ló so owó ìrànwọ́ tí Dẹ́nmáàkì ń fún wọn, tó tó nǹkan bí ìdajì owó ìjọba wọn, mọ́ ohun àlùmọ́ọ́nì: tí owó ohun àlùmọ́ọ́nì bá kọjá mílíọ̀nù 75 krónà Dẹ́nmáàkì lọ́dún, ìdajì ohun tó lé ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ìrànwọ́ yẹn, títí yóò fi tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òmìnira wọn ṣe súnmọ́ tó, kó kàn máa wo bí ìrànwọ́ yẹn ṣe ń dín kù. Ẹja ló ṣì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà, owó láti Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́nmáàkì, sì ṣì ń wọlé lọ́dọọdún.